Sítéè Oníyọ̀

"Ẹ gbóòórùn ẹ̀," ni obìnrin akọrin kan wí, ó sì ti gáùn rẹ̀ sábẹ́ imú oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó bá a ṣe é. "Ẹ má fà sẹ́yìn. Èmi ni mo wọ̀ ọ́ fún wákàtí mẹ́ta lábẹ́ iná gbígbóná. Ẹ̀yin, ẹ gbóòórùn ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré."

Oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ gbóòórùn rẹ̀. Ó rùn bí ẹní tí ọmọ tọ̀ sí tí wọn kò sá sóòrùn, ó tún rùn bí abíyá ẹni tí kò wẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Itọ́ kún un lẹ́nu. Ó gbé e mì nítorí pé oníbàárà wà níwájú rẹ̀, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló sì kábàámọ̀ pé òun gbé e mì.

"Mò ń kọrin lọ́wọ́, àágùn ń ṣàn," ni akọrin ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Àfi bí mo ṣe rí omi aláwọ̀ tíì tó ń ti abẹ́ gáùn mi kán sílẹ̀. Ẹni tó ń tẹ dùùrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rọra fa àga ẹ̀ sẹ́yìn. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn máa kọrin ìfẹ́, káwọn tó jókòó níwájú máa dímú?"

Ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè díẹ̀. Láti abẹ́ ọmú dé ìbàdí, ara rẹ̀ ti sú, ó pupa yòò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ wí. "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Màá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i."

"Mo máa fi sílẹ̀ ni. Àbí ẹ rò pé mo fẹ́ gbé e padà sílé ni?" Akọrin ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Wọ́n ní Ikán ni wọ́n ń pè yín, pé ẹ máa ń jẹ aṣọ wò kẹ́ ẹ tó lò ó. Ṣé ẹ jẹ èyí náà ni?"

Kò dúró gbọ́ èsì.

Lóòótọ́ ni wọ́n ń pè é ní Ikán. Àwọn tó ń ta èlò ìránṣọ ló fún un lórúkọ náà. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń to ìlẹ̀kẹ̀ sára aṣọ, kò sì ra sítéè kankan rí láìkọ́kọ́ fi sẹ́nu. Sítéè ni aṣọ líle tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ máa wà, kó lè gbé ẹrù ìlẹ̀kẹ̀, kí aṣọ òkè má baà wọ́. Aṣọ inú ló máa wá bo sítéè náà kó má baà kan ara. Ayédèrú sítéè sì kún ìgboro. Òmíràn, bébà tí wọ́n fi sítáàṣì rẹ́ ni. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló kọ́ ọ pé kó máa ya etí rẹ̀, kó fi sẹ́nu, kó rún un dáadáa. Bó bá yọ́, sítáàṣì ni. Bó bá korò, kẹ́míkà ni. Bó bá dúró lẹ́nu tí kò ládùn kankan, ojúlówó nìyẹn. "Ohun tí ahọ́n ẹ bá kọ̀," ni ọ̀gá yẹn máa ń wí, "má fi kan ara ọmọ ọlọ́mọ." Nígbà kan, bí àwọn ọlọ́jà bá ti rí i lókèèrè, wọ́n á pariwo pé, "Ikán ti dé o! Ẹ kó aṣọ pamọ́!" Òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì máa rún aṣọ lọ bí ewúrẹ́.

Ṣùgbọ́n ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí tí kò lọ rajà fúnra rẹ̀ mọ́. Ilé iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe akọ̀wé ló kógbá sílé, ọkùnrin náà wá ń jókòó sílé, ó ń ka ìwé ìròyìn àná lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì lójoojúmọ́. Ni Ikán bá fi ọjà rírà lé e lọ́wọ́, kó lè rí nǹkan ṣe, kó lè máa jáde bí ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Àrà tí ọkùnrin náà wá ń fi ọjà dá kò kéré. Ohun tí gbogbo èèyàn ń pariwo pé ó wọ́n, á ní òun rí i ní pọ́ọ́kú. Á gé díẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ìyàwó á fi sẹ́nu, á ní ó dáa, ọkọ á sì máa súfèé yí ilé ká. Inú Ikán máa ń dùn sí ìfé yẹn ju sítéè lọ.

Ó gbé gáùn akọrin sórí tábìlì, ó fi abẹ réésà tú ojú rírán aṣọ inú. Aṣọ inú fúnra rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, òwú dáadáa ni, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án nínú àpẹẹrẹ tí ọkọ rẹ̀ kó wálé. Ó ká a kúrò.

Sítáàṣì ti yọ́ kúrò lára sítéè, ohun tí sítáàṣì ń bò mọ́lẹ̀ sì ti yọjú. Àbààwọ́n ńlá kan wà níbẹ̀, ó yípo, òmíràn tún yípo nínú rẹ̀, etí gbogbo wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Èèyàn kan ló ti tọ̀ síbẹ̀, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ojú abẹ́rẹ́ ńláńlá tò lọ tò bọ̀ lára rẹ̀, wọ́n gba ara wọn kọjá ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ tirẹ̀ kì í dá ihò tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Èérún fóòmù pupa rúsúrúsú lẹ̀ mọ́ ọn. Lábẹ́ ibi tí ọmú ọ̀tún akọrin máa ń wà, irun kan wà níbẹ̀, irun kúkúrú tó ká kò.

Kò sí ẹni tó ti sùn lórí tìmùtìmù bẹ́ẹ̀dì rí tí kò mọ igun mẹ́rin-mẹ́rin yẹn. Ara Ikán bù máṣọ. Ó ju réésà sílẹ̀, ó lọ síbi ẹ̀rọ omi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, dé ìgúnpá.

Ìgbà tó padà wọlé, ojú rẹ̀ lọ síbi férémù tó fi ń na aṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Gáùn ìgbéyàwó ló wà níbẹ̀, ti nọ́ọ̀sì kan tó ń lọ sílé ọkọ ní Sátidé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòní. Ogójì ọjọ́ ni Ikán ti fi to ewé àti òdòdó ìlẹ̀kẹ̀ sí àyà gáùn náà, láti èjìká dé ìbàdí, ìlẹ̀kẹ̀ tó kéré bí ẹyin eṣinṣin, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì fi òwú gba inú sítéè kọjá. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì náà wá, oríṣi aṣọ inú mẹ́ta ló fi ra inú apá ara rẹ̀ kó tó mú ọ̀kan. "Ẹ má bínú, ma," ó ní, "ara tèmi ò gba gbẹ̀rẹ́. Nǹkan kékeré báyìí, màá ti wú." Ikán ti fi sítéè sẹ́nu níwájú rẹ̀, ó rún un, ó ní kò séwu. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú.

Ikán bu omi sí ìka ọwọ́, ó fi rin etí sítéè tó yọ níbi ojú rírán, ó wá gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e. Èéfín rú sókè. Òórùn kan náà ni.

Ó sì ti gbọ́ òórùn yẹn rí. Èyí ló wá rí i lára jù. Nínú oṣù wọ̀nyí, bó bá ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ, ó ti gbóòórùn nǹkan kan láìmọye ìgbà, ohun tó sì máa ń ṣe ni pé á ṣí fèrèsé.

Ọkọ rẹ̀ wọlé nírọ̀lẹ́ tòun ti ìfé, ó gbé ìdì aṣọ funfun kan sábẹ́ abíyá.

"Ìyá Ìbejì, aya ọba! Mo tún ti ṣẹ́gun wọn o. Wo ọjà!"

Ikán kò wo ọjà. "Bàbá Ìbejì, níbo lẹ ti ń ra sítéè?"

"Lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á ni. Àbí lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín ni wọ́n ti ń rà á?" Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí kò rí ẹni bá a rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ lọ sórí tábìlì, ó rí gáùn tí wọ́n tú. Ó gbé ìdì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ta ló dá ìyẹn padà?"

"Akọrin. Irun wà nínú ẹ̀. Ẹ wá wò ó."

"Mo ti rí i látibí."

"Ẹ ò tíì rí i. Ẹ wá wò ó."

Kò sún mọ́ ọn. Ó fọwọ́ nu iwájú orí, ó wá jókòó sórí àpótí. "Ṣé o rí i, ayé ti yí padà. Ojúlówó sítéè, ẹ̀rù owó ẹ̀ ń bani. Àgbàlá kan wà lẹ́yìn àwọn ilé ìtura, wọ́n ń tú bẹ́ẹ̀dì àlòkù níbẹ̀. Àwọn oníirin á gbé irin inú ẹ̀, àwọn onírọ̀rí á kó fóòmù. Aṣọ funfun tó wà láàárín, kò sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti sítéè, ilé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe é! Èmi nìkan kọ́ ló ń rà á."

"Bẹ́ẹ̀dì ilé ìtura."

"Ilé ìtura, àti... ọsibítù náà, nígbà míì. Ṣùgbọ́n a máa ń sè é! Wákàtí méjì gbáko. A ó da kẹ́míkà sí i, á funfun báláú, a ó fi sítáàṣì lé e. Kòkòrò wo ló máa yè é?"

"Nínú kí lẹ ti ń sè é?"

Ọkùnrin náà ń wo bàtà rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì. Ṣé torí ẹ̀ lẹ ṣe ń yá ìkòkò ńlá mi?"

"Mo máa ń fọ̀ ọ́ kí n tó gbé e padà," ó dáhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ìkòkò yẹn ni Ikán máa ń fi gbé omi ìwẹ̀ kaná. Ìkòkò yẹn ló fi se oúnjẹ fún àwọn ìbejì nígbà tí wọ́n wá sílé ní ìsinmi. Ohun mìíràn tún sọ sí i lọ́kàn, tó mú un di etí tábìlì mú.

"Mo jẹ ẹ́," ó ní. "Nígbà òjò tó kọjá. Ẹ gbé e wá, mo rún un, mo ní èyí mà níyọ̀. Kí lẹ sọ fún mi?"

"Ìyá Ìbejì..."

"Ẹ ní bí sítáàṣì tuntun ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ ní kí n má ṣe fi ẹnu ṣe ọlọ́pàá. Mo sì rẹ́rìn-ín. Mo tún un rún, kí n lè mọ adùn ẹ̀ dáadáa, torí ọjọ́ míì."

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn!" Ọkùnrin náà dìde. "Láti ọjọ́ yẹn, ṣé mo tún jẹ́ kó kàn ẹ́ lẹ́nu mọ́ ni? Ojúlówó ni mò ń rà díẹ̀ lọ́tọ̀, ìyẹn ni mò ń gé fún ẹ pé kó o tọ́ wò. Ṣé èmi ni màá jẹ́ kí ìyàwó mi máa fi ẹ̀gbin sẹ́nu?"

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń retí ọpẹ́.

Ikán sáré jáde. Gbogbo ohun tó jẹ láti àárọ̀ ló dà sídìí ẹ̀rọ omi. Ó fi omi yọ ẹnu, ó tún un yọ, ó fi ìka ha ahọ́n. Iyọ̀ náà kò lọ. Iyọ̀ ìgbà òjò tó kọjá ni, kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò lọ. Àágùn ta ni? Ara ta ló gbẹ sí i kí òun tó fi ahọ́n òun rin ín? Ó ronú nípa aláìsàn kan tó dùbúlẹ̀, tí kò lè dìde, ó sì tún bì.

Ọkọ rẹ̀ gbé ife omi tẹ̀ lé e. Kò gbà á. Ìríra ọwọ́ tó gbé ife náà ń ṣe é.

"Gbọ́," ọkùnrin náà ń bẹ̀bẹ̀, "ohun tó ti bà jẹ́ ti bà jẹ́. Akọrin, a ó bẹ̀ ẹ́. Ti nọ́ọ̀sì yìí la ó rò. Sátidé ò jìnnà. O ò lè tún iṣẹ́ ogójì ọjọ́ ṣe ní ọjọ́ mẹ́rin. Fi aṣọ inú ìlọ́po méjì sí i, sátínnì tó nípọn. Wọ́n lọ́fíńdà sí i. Ọjọ́ kan péré ló máa wọ̀ ọ́. Ta ló máa tú inú ẹ̀ wò? Bí iṣu ẹni bá ta, ṣebí ọwọ́ la fi ń bò ó jẹ."

"Iṣu kọ́ lèyí."

"Orúkọ ẹ ni mò ń rò."

Ikán nu ẹnu rẹ̀. Ó wọlé, ó mú ìdì tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé, ó ya etí rẹ̀ díẹ̀, kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó nà án sí i.

"Fi sẹ́nu."

Ọdún méjìlélógún tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ló máa ń pè é. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ pé ó ti bọ́ lónìí.

"Ìyá Ìbejì, kí ló tó báyìí?"

"O ti sè é. O ti da kẹ́míkà sí i. Kò sí ìyàtọ̀, ilé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe é. Fi sẹ́nu, kó o rún un. Bó o bá gbé e mì, màá parí gáùn nọ́ọ̀sì bó o ṣe wí, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́ láéláé."

Ọkùnrin náà gbà á. Ó wò ó. Ó gbé e dé àyà, ó gbé e dé àgbọ̀n. Ó la ẹnu. Ikán rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tó gbọ̀n, tó rìn lọ sókè, tó padà wálẹ̀, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Ọwọ́ rẹ̀ já wálẹ̀. Ó gbé èérún náà sórí tábìlì, ó sì nu ìka rẹ̀ mọ́ ara ṣòkòtò, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì.

Ikán mú sísọ́ọ̀sì.

Àyà gáùn nọ́ọ̀sì kò ṣe é tú, nítorí pé òwú ìlẹ̀kẹ̀ àti sítéè ti di ara kan náà. Ó gé e láti èjìká. Ìlẹ̀kẹ̀ ń já, wọ́n ń ta sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n ń yí lọ sábẹ́ àga. Ọkọ rẹ̀ ń sọ pé, "Yé! Yé!" níṣẹ́jú-ìṣẹ́jú bí ẹni pé òun ni wọ́n ń gé. Nígbà tó gé e tán, ó kó o pọ̀ mọ́ ìdì tuntun náà, ó gbé gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò ńlá, ó ní kí ọkọ òun gbé e jáde, kó má ṣe gbé ìkòkò náà padà.

Ó wá mú fóònù.

"Eku!" ni ọkọ rẹ̀ sọ wúyẹ́wúyẹ́ láti ẹnu ọ̀nà, ìkòkò lọ́wọ́. "Sọ pé eku ló jẹ ẹ́!"

Nọ́ọ̀sì gbé fóònù. "Ẹ káalẹ́, ma! Ṣé ó ti parí?"

Irọ́ eku náà ti wà lórí ahọ́n Ikán, ó sì rọrùn. Ó rí i pé òun náà lè pa á, pé kò ní ṣòro rárá. Ìríra ara rẹ̀ wá mú un.

"Mo ti gé àyà gáùn ẹ, ọmọ mi," ó ní. "Sítéè abẹ́ ẹ̀, ara bẹ́ẹ̀dì àlòkù ni wọ́n ti yọ ọ́. Ìdọ̀tí ni. Mi ò mọ̀, ojúlówó ni wọ́n ń gé fún mi jẹ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n mọ̀. Owó ẹ, màá dá a padà."

"Ṣé bẹ́ẹ̀dì ọsibítù wà níbẹ̀ náà?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ma, èmi ni mò ń pààrọ̀ aṣọ àwọn bẹ́ẹ̀dì yẹn." Ohùn ọmọ náà kò lọ sókè. "Mo mọ ohun tó máa ń wà lára wọn. Lójoojúmọ́ ni mò ń fọ̀ ọ́ kúrò lọ́wọ́ mi."

"Mo mọ̀. Má bínú."

"Mò ń bínú, ma. Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè gbé e fún báyìí. Ẹ fi aṣọ lásán ṣe àyà ẹ̀, kẹ́ ẹ to ìlẹ̀kẹ̀ sí ọrùn nìkan. Ṣé ọjọ́ mẹ́rin tó fún ọrùn?"

"Ó tó."

"Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ lọ rà á. Kẹ́ ẹ sì jẹ ẹ́ o, ma. Kì í ṣe èyí tí wọ́n bá gé fún yín. Èyí tó máa kan ọrùn mi gan-an ni kẹ́ ẹ jẹ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ ti wọ bàtà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé kí n sìn ẹ́ lọ?" Ikán ní rárá. "Kí ni èmi á wá máa ṣe báyìí?" ọkùnrin náà bi í. Ikán gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Ha! Ikán!" ni ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù èlò ìránṣọ ké. "Ikán ti dé o! A ti rò pé wọ́n ti fín oògùn sí yín. Ọdún mẹ́ta!"

Ikán kí i. Ó ní kó kó sítéè kalẹ̀, èyí tó wà fún ọrùn. Oríṣi mẹ́rin ni ìyá náà tẹ́ sórí káńtà. Ikán gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sójú ìmọ́lẹ̀, ó ń wá ojú abẹ́rẹ́. Ó ṣẹ́ ẹ po, ó tú u, ó wò ó bóyá á dá àmì. Ó bu ìlẹ̀kẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan lé àárín rẹ̀, ó dì í mú ní etí méjèèjì, ó wo bí ó ṣe ń tẹ̀. Méjì gbé ẹrù náà. Ọ̀kan nínú méjèèjì le jù, á máa gún ọmọ náà lọ́rùn. Ó ku ẹyọ kan.

Ìyá náà mú sísọ́ọ̀sì láti gé díẹ̀ fún un.

"Ẹ má gé e," ni Ikán wí. "Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi ya á, láàárín."

"Láàárín kẹ̀? Ẹ fẹ́ ba aṣọ mi jẹ́!"

"Màá rà á."

Ó ya á. Ó gbé e dé ètè, eyín rẹ̀ sì pa dé. Iyọ̀ òjò tó kọjá dé, àbààwọ́n tó yípo dé, irun tó ká kò dé. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ rìn lọ sókè gẹ́gẹ́ bí ti ọkọ rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ lẹ́nu, títí tí ẹ̀rín fi kúrò lójú ìyá oníṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé kò sí nǹkan o? Ṣé kí n fún yín lómi?"

Ikán mi orí. Ó dijú, ó la ẹnu, ó sì fi aṣọ náà sórí ahọ́n. Ó rún un. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún, ó ń rún un lọ títí gbogbo rẹ̀ fi rin. Kò korò, kò yọ́, kò níyọ̀.

"Ẹ bá mi wọn mítà kan," ó ní, aṣọ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.